Ọwọ́ Tó Fọ Aṣọ Pẹpẹ

Ẹ̀gbin ni mo kórìíra jù láyé yìí. Ẹja yìnyín ni mò ń tà n'Íkìrun, ẹ̀yin náà mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń rí. Àmọ́ ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lójijì lọ́jọ́ tó bá wù yín, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ wo inú fíríìsà, kí ẹ wo pákó tí mo fi ń gé ẹja. Ẹ lè jẹun lórí ẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún yín pé nǹkan kan rí mi lára, ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rí mi lára débi pé n ò lè jẹun ní gbogbo ọjọ́ náà, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ni o, ọjọ́ tí ẹran pọ̀ nílẹ̀.

Motọ́láyọ̀ lorúkọ mi. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé ẹnu mi mú bí abẹ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo gbé wá. Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ni, Àrínọlá, ọmọ ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní Òkukù. Àǹtí mi ni mo ń pè wọ́n láti kékeré. Tí ẹ bá ń wá èèyàn tó mọ̀ pé mímọ́ ni Ọlọ́run, tí kì í ṣe pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ lásán, Àǹtí mi ni kí ẹ wá wò.

Ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí wa sí n'Íkìrun. Nígbà tí Àǹtí mi lọ sílé ọkọ ní Òkukù, aládùúrà ni wọ́n bá ọkọ wọn, aláṣọ funfun, Ìjọ Òkè Ìtùnú. Wọ́n bá ọkọ wọn lọ, wọn ò sì padà sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n rí níbẹ̀ tí kò sí lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ní bàtà ni. Mo ní bàtà báwo? Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan sìmẹ́ǹtì, gbogbo ara mi gbọ̀n. Ó ṣe mí bíi pé Ẹnìkan wà nínú ilé." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní Àǹtí mi, òtútù ni. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ìjọ fi iṣẹ́ aṣọ pẹpẹ lé wọn lọ́wọ́. Aṣọ funfun gbọọrọ kan ni, tí wọ́n ń tẹ́ sórí pẹpẹ, lábẹ́ àwọn àbẹ́là àti Bíbélì ńlá. Ẹ ò rí bí Àǹtí mi ṣe ń fọ aṣọ yìí! Bàsíà kan wà nílé wọn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣan ẹ̀fọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wẹ ọmọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀, nínú ẹ̀yìnkùlé ara wọn o! Tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ìborí di ẹnu kí itọ́ má baà ta sí i. Tí wọ́n bá sá a, wọ́n á jókòó tì í títí á fi gbẹ, nítorí ẹyẹ. Mo ti gbé ẹja dé ọ̀dọ̀ wọn rí, tí mo ń pariwo kíkí bọ̀ láti ẹnu géètì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, wọ́n kàn na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Mo dúró lóòrùn títí wọ́n fi ká aṣọ náà tán.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n a máa bá Wòlíì fọ sùtánà rẹ̀ náà. Wòlíì Olúbọ̀dé lorúkọ ọkùnrin tó jẹ́ olórí ìjọ yẹn. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", torí ó jù mí lọ dáadáa. N ò ní í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, Àǹtí mi ki ọwọ́ bọ àpò sùtánà náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sómi, wọ́n yọ egungun adìyẹ jáde, egungun tí wọ́n ti jẹ, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tùẹ̀! Àǹtí mi rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní èèyàn ṣáà ni gbogbo wa. Mo ní èmi náà èèyàn ni, kò sí egungun lápò mi.

Ọdún kẹta rèé tí àìsàn dé. Ẹ̀jẹ̀ ni. Nǹkan oṣù tó máa ń wá tó sì máa ń lọ, ó wá, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Tó bá dá lónìí, ó tún dé lọ́tùn-únla. Dókítà ní Òṣogbo yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kókó ló wà nílé ọmọ, fáíbúrọ́ìdì, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gé e kúrò. Wòlíì ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀bẹ níbẹ̀, Ọlọ́run ń bọ̀ wá ṣe é fúnra rẹ̀. Ó fún wọn lómi mu, ó fún wọn lépo fi para, ó ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó ní kó má jẹun! Ìgbà tí ojú Àǹtí mi ti funfun bí ẹ̀kọ ni mo fi ìjà mú wọn lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ìjọ Òkè Ìtùnú kì í jẹ́ kí obìnrin tó wà nínú nǹkan oṣù wọ inú ilé ìsìn, kì í sì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ohun mímọ́ kankan. Ẹni tó bá tún fara kan obìnrin náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á sí mímọ́ kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó lé Àǹtí mi o, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn jáde ni. Wọ́n ní kí Ọmọ́dára, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbé aṣọ pẹpẹ náà fún Wòlíì, kí Wòlíì wá ẹlòmíì tí á máa fọ̀ ọ́. Wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà.

Àtíbàbà páànù kan ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà fún àwọn obìnrin tí kò lè wọlé. Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n yẹn kọ́ ọ sí? Ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin. Obìnrin mìíràn á jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, á padà sínú ilé ní ọjọ́ ìsinmi kejì. Àǹtí mi jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ lé wọn, ọyẹ́ ń gé wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ń gbé sùtánà sókè kọjá níwájú wọn lọ tọ̀, wọ́n ń kí wọn pé "Tíṣà, ẹ kú ìsinmi." Tíṣà tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní á-bí-dí! Mo ní Àǹtí mi, ṣé ẹ ò lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa n'Íkìrun? Kò sẹ́ni tí á bi yín ní nǹkan kan níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Motọ́lá, kì í ṣe ilé Wòlíì ni mo jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí n ò bá mọ́ tó láti wọlé, ma jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Inú bí mi débi pé mo sunkún. N ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí nínú Wòlíì àti Àǹtí mi gan-an.

Ọmọ́dára wá rí ọkọ. Olúwadàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbà, ọmọ dáadáa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, iṣẹ́ abẹ Àǹtí mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Òkè Ìtùnú, kí ìyàwó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, bàbá àti ìyá rẹ̀ á mú un dé iwájú pẹpẹ, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á súre fún un. Bàbá Ọmọ́dára ti lọ sọ́run kí ọmọ náà tó wọ girama. Ó ku ìyá. Ohun tí Àǹtí mi ń fẹ́ nínú gbogbo ìgbéyàwó náà kò ju ìyẹn lọ. Wọn ò béèrè àga iwájú, wọn ò béèrè fọ́tò. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́wọ́ lé orí ọmọ wọn níwájú Ọlọ́run kó tó di ará ilé ẹlòmíì.

Èmi pẹ̀lú wọn la jọ lọ bá Wòlíì. Ìta ló ti dá wa lóhùn, torí kò fẹ́ kí Àǹtí mi tẹ ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀. Àǹtí mi kúnlẹ̀. Wòlíì ń fi ìgbálẹ̀ ẹlẹ́yọ kan ta eyín bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ọmọ́dára," ó ní, "Ọlọ́run mímọ́ là ń sìn. Ẹ̀yin náà mọ òfin ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ mú ẹnìkan tó máa dúró fún yín."

Ló bá wò mí. Ó bi mí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọjá lójú títì, pé ṣé èmi mọ́. Mo ní mo mọ́. Kò bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn mi sí i. Ká ní ó bi mí ni, kò ní jẹ́ kí n wọlé láé.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní ẹ jẹ́ ká gbé ìgbéyàwó yìí wá s'Íkìrun o jàre. Ọmọ́dára gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi mi orí. Wọ́n ní iwájú pẹpẹ yẹn ni bàbá rẹ̀ ti gbé e fún Ọlọ́run ní ọmọ ọwọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gbà á. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbọ́wọ́ lé e lórí dáadáa, kí n má kàn gbé ọwọ́ sí i fẹ́rẹ́. Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ìgbéyàwó náà, mo tètè kúrò n'Íkìrun. Mo yà ní Inísà gba aṣọ Àǹtí mi lọ́wọ́ télọ̀, lẹ́ẹ̀sì funfun kan tó dùn ún wò, mo sì forí lé Òkukù. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, n ò rí wọn lábẹ́ àtíbàbà. Inú ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin ni mo ti bá wọn, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti korobá. Wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ìyá ìyàwó! Wọ́n ní kí òórùn má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò láti Ìbà. Mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, mo parí rẹ̀, mo bu omi fún wọn wẹ ọwọ́, mo wọ̀ wọ́n láṣọ tuntun, mo fi wọ́n sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù yẹn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. Wọ́n lẹ́wà.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀. Mo wọlé, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti fara kàn wọ́n. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wòlíì ké "Mímọ́!", gbogbo ìjọ dojú bolẹ̀, wọ́n dáhùn "Mímọ́!", ó tún ké, wọ́n tún dáhùn. Èmi náà dojú bolẹ̀, torí bó o bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, o ní láti di ìkúùkù. Nígbà tó yá, ó ní kí òbí ìyàwó bọ́ síwájú. Mo mú Ọmọ́dára lọ́wọ́, a rìn dé ìdí pẹpẹ, a kúnlẹ̀. Mo gbójú sókè.

Yéè!

Aṣọ pẹpẹ yẹn ti di àwọ̀ omi ẹrẹ̀. Ìda àbẹ́là ti yọ́ dì sí i lára, ekuru ti lẹ̀ mọ́ ìda. Eku ti jẹ ẹ́ níhìn-ín, ó ti jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ìgbẹ́ eku wà lórí rẹ̀, dúdú, wínní-wínní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Ẹnìkan tó jẹ ẹ̀wà alépo ti fi í nu ọwọ́, gbogbo ìka rẹ̀ hàn kedere. Òórùn ìtọ̀ eku ta sí mi nímú. Èmi tí mò ń ta ẹja, n ò lè tẹ́ irú aṣọ yẹn sábẹ́ pánla! Ohun tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ fún ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbin yìí wà nínú ilé, wọ́n ń pè é ní mímọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà níta, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní aláìmọ́.

Mo dìde. Mo ní, "Ta ló fọ aṣọ yìí kẹ́yìn?"

Wòlíì sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kúnlẹ̀, Mà. Ẹ gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí."

"Mo ní ta ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Ìyá Ọmọ́dára ló ń bá wa fọ̀ ọ́. Àtìgbà tí wọn ò ti mọ́..."

Àtìgbà tí wọn ò ti mọ́! Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́! Gbogbo ìjọ, ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọ̀dọ́, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè rẹ aṣọ Ọlọ́run sínú omi fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé obìnrin kan ń ṣàìsàn? Mo sọ ọ́ sókè. Mo sọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí n ò lè tún sọ fún yín. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n má pariwo níwájú Ọlọ́run mímọ́. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ òórùn yìí tipẹ́, ariwo mi ò ní í pa á lára.

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Ọmọ́dára fi dìde. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé Bíbélì ńlá náà sórí àga. Ó gbé àwọn àbẹ́là sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká aṣọ pẹpẹ náà kúrò, ó gbá a mọ́ àyà, mọ́ gáùn funfun rẹ̀, ó yí padà, ó ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Olúwadàmọ́lá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdí gáùn náà nílẹ̀ kó má baà wọ́, ó tẹ̀ lé e. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Bí Àǹtí mi ṣe rí ọmọ wọn tó ń bọ̀, wọ́n fò dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. "Ọmọ́dára! Padà! Má fara kàn mí, wọn ò ní í jẹ́ kó o wọlé mọ́!"

"Màámi, ẹ wò ó ná."

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ǹṣì. Àǹtí mi wò ó. Ojú wọn ni èmi ń wò ní tèmi. Ojú ẹni tó ń tijú ni wọ́n gbé fún ọdún mẹ́ta, ó ti mọ́ mi lára. Mo rí i tí ìtìjú yẹn ṣí kúrò. Ó rí wọn lára. Ó rí wọn lára jù mí lọ.

"Ta ló ṣe báyìí sí Ọlọ́run?" wọ́n ní. Ohùn wọn ò lọ sókè rárá. "Motọ́lá, fa omi wá."

Mo fa omi ní kànga. Mo sáré ra ọṣẹ ní kíóòsì òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí mi wá dúró, tí ọwọ́ wọn wà lókè omi, tí kò wọ inú rẹ̀. Mo ní Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́. Wọ́n ní rárá.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀rù pé ma kó àìmọ́ ran Ọlọ́run," wọ́n ní. "Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ yẹn, nígbà tó fọwọ́ kan Jésù, ta ló yí padà nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní obìnrin náà ni.

"Ṣé Jésù lọ wẹ̀?"

Mo ní èmi ò gbọ́ ọ rí o.

Wọ́n ki ọwọ́ bọmi. Wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ̀yin èèyàn. Nínú lẹ́ẹ̀sì tuntun, lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n fi èékánná họ ìda kúrò, wọ́n gbo ó, wọ́n yí omi padà, wọ́n tún gbo ó. Omi àkọ́kọ́ tó jáde dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Àwọn èèyàn ti ń jáde, wọ́n yí wa ká.

Wòlíì náà dé. Ó gba àárín wọn kọjá, ó na ìka sí Àǹtí mi. "Ẹ ti ba aṣọ Olúwa jẹ́! Obìnrin yìí, pẹ̀lú ọwọ́ yín yẹn!"

Àǹtí mi ò dìde. Wọ́n gbójú sókè wò ó, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ọṣẹ. "Wòlíì, ẹ ṣáà sọ fún mi. Tí ọwọ́ mi bá burú ju ìtọ̀ eku lọ, ma fi í sílẹ̀ nísinsìnyí."

Lára àwọn àlejò láti Ìbà, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti kọjá ẹ̀rín lójú mi.

Olúwadàmọ́lá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan di etí aṣọ náà mú, wọ́n na án sínú oòrùn. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ sí i, kò pẹ́ tó fi gbẹ. Àwọn ihò tí eku jẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ó funfun. Àǹtí mi ká a, wọ́n gbé e fún Wòlíì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbà," wọ́n ní. "Tí ọwọ́ mi bá ti bà á jẹ́, ẹ má tẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ wà lásán."

Ojú gbogbo ìjọ wà lára rẹ̀. Bó bá tẹ́ ẹ, ó ti gbà pé ọwọ́ yẹn mọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ, èyí tí eku tọ̀ sí lára ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gba aṣọ náà, ó wọlé, a wọ́ tẹ̀ lé e. Ó tẹ́ ẹ.

Mo ní, "Ọwọ́ tó fọ̀ ọ́ ń kọ́?"

Ọmọ́dára ti jókòó sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní òun ò ní í dìde níbẹ̀ àyàfi tí ìyá òun bá gbọ́wọ́ lé òun lórí. Wòlíì wo ìyàwó, ó wo ọkọ, ó wo àwọn àlejò. Ó ju ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "Ẹ lọ pè wọ́n wá."

Èmi ni mo lọ pè wọ́n. Àǹtí mi rìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti kan sìmẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n ti nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Wọn ò pariwo. Mo sún mọ́ wọn, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. "Mo dé. Ṣàánú mi. Mo dé." Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ló ń tọrọ àánú! N ò mọ ìgbà tí èmi náà dé ilẹ̀. Gbogbo èébú tí mo bú ní òwúrọ̀ yẹn, ẹ̀gàn tí mo kó sínú, ó ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni mò ń rùn nínú ilé náà.

Ọmọ́dára ló wá gbé wọn dìde. Wọ́n dé iwájú pẹpẹ, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, lórí ìborí ìyàwó yẹn, wọ́n súre. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Tí mo bá fi mọ síbẹ̀, ẹ ó ní Wòlíì ti ronú pìwà dà. Ẹ dúró ná. Nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò níta, mo padà wọlé lọ mú báàgì mi, Àǹtí mi tẹ̀ lé mi. A bá Ọláfimíhàn níbẹ̀, alàgbà kékeré kan nínú ìjọ náà. Ó gbé ike omi ìyàsímímọ́ dání, ó ń wọ́n ọn sí ibi tí Àǹtí mi nà sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nù ún. Ojú tì í nígbà tó rí wa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Wòlíì ló ní kí n fọ gbogbo ibi tí ẹ tẹ̀."

Ìbínú gbé mi dìde. Mo ti ń wá ohun tí ma gbá mú. Àǹtí mi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wo ilẹ̀ ibi tí omi náà ti gbà, ó ti mọ́ ju ìyókù lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," wọ́n sọ fún un. "Mo tẹ ìdí pẹpẹ náà. Má gbàgbé ibẹ̀ o, ibẹ̀ ló dọ̀tí jù."